Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa àwọn òkúta ìgbàanì Ìlú Ọba, àti ìdáhùn wọn

Àwọn ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá, látọ̀dọ̀ àwọn ará ilé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, torí náà mo kó gbogbo ẹ̀ sójú kan. Ẹ wá èyí tó jẹ́ tiyín níbẹ̀.

Kí làwọn òkúta yìí gan-an?

Òkúta ńláńlá ni, àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ló gbé wọn nàró sínú ilẹ̀. Òmíì dá dúró lóun nìkan, òmíì tò ní ìlà, òmíì sì ṣe roboto, ìyẹn lèmi máa ń pè ní agbo òkúta torí bí agbo ijó ló rí lójú mi, gbogbo wọn kọjú síra wọn. Ti Stonehenge ní Wiltshire ni gbogbo ayé mọ̀, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn nínú wọn.

Ẹ máa gbọ́ "henge" náà. Kì í ṣe òkúta là ń pè bẹ́ẹ̀ o, yàrà ni, yàrà roboto tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n wá fi erùpẹ̀ ẹ̀ mọ òkìtì yí ibẹ̀ ká. Ẹni tó bá ti rí Ẹrẹdò Ṣùńgbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ti mọ bí yàrà àtòkìtì ṣe ń rí. Àmọ́ ẹni tó bá gbẹ́ yàrà nítorí ọ̀tá, ìta ló máa gbẹ́ ẹ sí, kí ọ̀tá kọ́kọ́ já sí kòtò kó tó débi òkìtì. Ní Avebury, inú ni yàrà wà, òkìtì ló wà níta, ìyẹn á jẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe ogun ni wọ́n ń sá fún.

Ta ló gbé wọn síbẹ̀, ó sì ti tó ọdún mélòó?

Àgbẹ̀ ni wọ́n. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó kọ́kọ́ dáko tó kọ́kọ́ sin màlúù àtẹlẹ́dẹ̀ nílẹ̀ yìí. Wọn ò ní irin, wọn ò mọ ìwé kọ, wọn ò tíì ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lè fi kẹ́rù. Àwọn òkúta Stenness ní Orkney, lókè Skọ́tlándì lọ́hùn-ún, ti tó nǹkan bí 5,000 ọdún. Yàrà Stonehenge náà ti tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn òkúta ńlá tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò, nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n gbé wọn dúró, ìyẹn ni pé nǹkan bí 500 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ yàrà ni wọ́n tó gbé òkúta ńlá.

Kì í ṣe àwọn ará Róòmù o, kì í sì í ṣe àwọn Druid. Àwọn Druid ni àlùfáà tí Julius Caesar kọ̀wé nípa wọn, ó sì ti lé ní 2,000 ọdún tí òkúta ti wà ní Stonehenge kí Caesar tó dé. John Aubrey ní nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn àti William Stukeley tó tẹ̀ lé e ló so Druid mọ́ òkúta, látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ti kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn mọ́. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ ribiribi lórí òkúta yìí, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ibi tí wọ́n ti ṣì í nìyẹn.

Ṣé ó tún kù yàtọ̀ sí Stonehenge?

Ó kù rẹpẹtẹ. Agbo òkúta nìkan lé ní 1,000 tá a bá ka Bírítéènì àti Ireland pọ̀, a ò tíì fọwọ́ kan àwọn tó dá dúró. Callanish wà ní erékùṣù Lewis ní Skọ́tlándì, Ring of Brodgar wà ní Orkney, ó fẹ̀ tó 104 mítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Èyí tó ga jù nínú àwọn tó dá dúró wà ní Rudston ní East Yorkshire, ó lé ní 7 mítà, inú itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì gan-an.

Ṣé Ọ̀pá Ọ̀rányàn náà wà lára irú wọn?

Òun náà jẹ́ òkúta tí wọ́n gbé nàró, ó ga tó nǹkan bí 5 mítà ààbọ̀, ìfẹ́ tí mo ní sí i láti kékeré wà lára ohun tó fà mí sídìí àwọn ti ibí yìí. Àmọ́ ẹ wo àwọn ìṣó irin tí wọ́n gbá mọ́ ọn lára. Àwọn tó ṣe ti Ifẹ̀ ti mọ irin rọ, àwọn tó ṣe Stonehenge ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ irin rárá. Ọ̀tọ̀ làsìkò wọn, ọ̀tọ̀ lẹni tó ṣe é, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi fídíò orí fóònù parọ́ fún yín.

Mi ò lọ rí, ibo ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Avebury. Kì í ṣe Stonehenge. Ẹ wọ réluwè dé Swindon, ẹ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, á já yín sáàárín òkúta gan-an, torí pé àárín agbo yẹn ni abúlé wà, ilé wà níbẹ̀, ọ̀nà mọ́tò gba àárín ẹ̀ kọjá, ilé ọtí wà níbẹ̀. Agbo òkúta tó tóbi jù lágbàáyé nìyẹn, òkúta bí 100 ló wà nínú agbo tó wà níta nígbà tó ṣì pé. Ilẹ̀ ibẹ̀, ẹfun ni lábẹ́ koríko, funfun báláú, ẹ fojú inú wo òkìtì yẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jọ, bí á ṣe máa tàn láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ rìn lọ sí West Kennet Long Barrow látibẹ̀, ibojì ni, ó ti lé ní 5,600 ọdún, ẹ sì lè wọ inú ẹ̀. Iyàrá márùn-ún ló wà nínú ẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Lójú ọ̀nà ẹ máa rí Silbury Hill, òkè tí wọ́n fọwọ́ kó jọ tó ga tó 30 mítà, ẹ má gùn ún o, wọ́n ti kà á léèwọ̀.

Tó bá jẹ́ apá òkè lẹ̀ ń gbé, Manchester tàbí Leeds, ẹ lọ sí Castlerigg nítòsí Keswick. Òkúta 38 ni, òkè yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Mo débẹ̀ láàárọ̀ kùtù lọ́jọ́ kan nínú oṣù Nofẹ́ńbà, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àfi àwọn àgùntàn, mo wá rí i pé ara òkúta kọ̀ọ̀kan ń dán yọ̀ọ̀ ní ibi tó bá itan mi mu, irun àgùntàn fúnfún-fúnfún há sára ẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ha ara wọn. N kò rí nǹkan tó tù mí lára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn.

Èló ni wọ́n ń gbà?

Stonehenge ń gbowó, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó máa ń wọ́n jù lẹ́nu ọ̀nà. Àjọ English Heritage ló ń bójú tó o, tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ńbà wọn, ẹ ò ní sanwó. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó gba ìtòsí ẹ̀ kọjá, ẹni tó bá rìn níbẹ̀ á rí i lọ́fẹ̀ẹ́, lókèèrè díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ojúmọ́ gùn jù nínú oṣù Júùnù àti ọjọ́ tó kúrú jù nínú oṣù Dìsẹ́ńbà, wọ́n máa ń ṣí inú ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ́ wọ àárín òkúta gan-an.

Avebury, Castlerigg, Brodgar, ọ̀fẹ́ ni kéèyàn wọ àárín òkúta wọn. Owó ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan lẹ lè san láwọn ibì kan.

Àwọn kéékèèké tí kò ní àmì, báwo ni mo ṣe máa rí wọn?

Ẹ ra máàpù Ordnance Survey, èyí tí wọ́n ń pè ní Explorer, tí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ láwọ̀ ọsàn. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì kẹ́ ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà ayé àtijọ́ kọ, lẹ́tà dúdú tó gún ṣọnṣọ tó jọ ti Bíbélì àtẹ̀jáde àkọ́kọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi lẹ́tà yẹn kọ, ohun ìgbàanì ni. Ẹ máa rí "Standing Stone", "Stone Circle", "Cairn", ìyẹn òkìtì òkúta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo rí mẹ́ta tí kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń gba ojú ọ̀nà kọjá lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin.

Ẹ tún wo àwọn ìlà aláwọ̀ ewé tó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn, gbogbo èèyàn ló láṣẹ láti gbabẹ̀. Tí òkúta bá wà nínú oko tí ọ̀nà ò dé, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ẹ lọ kanlẹ̀kùn àgbẹ̀ kẹ́ ẹ tọrọ àyè. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, "ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà" ò kì í pa èèyàn. Ní Skọ́tlándì òfin 2003 fún yín láyè láti rìn lórí ilẹ̀ púpọ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣe jẹ́jẹ́. Níbi gbogbo, géètì tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ tì í padà.

Kí ni kí n wọ̀?

Bàtà òjò. Kódà nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì. Kóòtù tí omi ò lè wọ̀, oúnjẹ, omi, fóònù tó ti gba iná dáadáa. Mo mọ àǹtí kan tó fi bàtà ọjọ́ Sunday wọ oko màlúù, kò padà wá mọ́.

Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án? Ṣé àwọn ọmọ lè gùn ún?

Ní Stonehenge, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ lẹ máa rìn, ẹ ò ní dé ìdí òkúta, àfi tẹ́ ẹ bá sanwó pàtàkì fún wíwọ inú ẹ̀ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń wá wò ó ti ń ba ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́. Láyé àtijọ́ pàápàá, àwọn aláfẹ́ máa ń fi òòlù kán díẹ̀ lára òkúta lọ sílé. Ní ibi tó kù, ẹ lè fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́.

Gígùn, rárá. Àwọn nǹkan aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó lẹ̀ mọ́ òkúta lára yẹn, ohun alààyè ni, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó hù, bàtà ọmọ kan ti tó láti ha á dànù. Ẹ má dáná, ẹ má kọ orúkọ, ẹ má fi ẹyọ owó há sínú ihò. Òfin 1979 dáàbò bo àwọn tí ìjọba ti kọ sínú ìwé, ẹni tó bá bà á jẹ́ á dé kóòtù, kódà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e débẹ̀ láìgba àṣẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe gbé òkúta tó wúwo tó yẹn láìsí mọ́tò?

Okùn, igi, àti èèyàn tó pọ̀. Àwọn òkúta ńlá Stonehenge, sarsen lorúkọ wọn, nǹkan bí 25 tọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ wọn wúwo tó. Ní 2020 làwọn onímọ̀ wá rídìí ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, West Woods ni, nítòsí Marlborough, nǹkan bí 25 kílómítà. Ọ̀nà tó gbà jáde ló wù mí jù. Ní 1958 tí wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n lu ihò sínú òkúta kan, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mú èyí tó yọ jáde nínú ihò yẹn lọ sílé, gbọọrọ bí ọ̀pá, ó tọ́jú ẹ̀ fún 60 ọdún, ó sì dá a padà ní 2018. Ara ẹ̀ ni wọ́n ti gé díẹ̀ yẹ̀ wò, òun ló tọ́ka sí West Woods.

Àwọn òkúta kékeré, àwọn bluestone, láti òkè Preseli ní ìwọ̀ oòrùn Wales ni wọ́n ti kó wọn, ó lé ní 200 kílómítà. Ní 2024 wọ́n tún yẹ èyí tó dùbúlẹ̀ láàárín wò, Altar Stone, tọ́ọ̀nù 6, wọ́n rí i pé àríwá ìlà oòrùn Skọ́tlándì ló ti wá, ó lé ní 700 kílómítà. Mo ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ tó jáde. Bóyá ojú omi ni wọ́n gbé e gbà ni o, bóyá orí ilẹ̀ ni o, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ní 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní London gbé òkúta tọ́ọ̀nù kan lé orí igi, wọ́n so okùn mọ́ ọn, èèyàn mẹ́wàá péré fà á, ó sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá ṣírò tọ́ọ̀nù 25. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e nàró, wọ́n á gbẹ́ kòtò tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan dagun, wọ́n á ti ìdí òkúta sínú ẹ̀, wọ́n á fi okùn fa orí ẹ̀ sókè, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ ki ìdí ẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbé dábùú sórí, bí káfíńtà ṣe ń fi igi bọ igi ni wọ́n ṣe so ó. Tẹ́ ẹ bá dé Stonehenge, ẹ wo orí òkúta tó ga jù, ẹ máa rí kókó kan tó yọ sókè níbẹ̀. Orí kókó yẹn ni ihò èyí tó dábùú bọ̀ sí kó tó já bọ́.

Ibo ni mo ti lè rí ipa ọwọ́ àwọn èèyàn yẹn gan-an, kì í ṣe òkúta lásán?

Ẹ gun òkè Fyfield Down, lẹ́bàá Avebury. Òkúta kan dùbúlẹ̀ nínú koríko níbẹ̀ tí wọ́n ti pọ́n àáké òkúta lórí ẹ̀. Ipa ọwọ́ wà lára ẹ̀, ojú ìlà gbọọrọ mélòó kan tó jinlẹ̀, ìka mi wọ inú ẹ̀, ó dán bí ojú ọlọ tí wọ́n ti fi lọ ata láti ayé ìyá ìyá àgbà. Irú àáké tí wọ́n pọ́n níbẹ̀ làwa ń pè ní ẹdùn àrá nílé. Àwọn ará Ìlú Ọba náà, nígbà tí wọ́n bá hú u jáde nínú oko láyé ọjọ́un, àrá ni wọ́n ní ó sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń fi í sínú ilé kí àrá má bàa sán lù wọ́n.

Kí ni wọ́n ń lò ó fún?

Ó wà tí a lè dì mú. Stonehenge kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ lọ́jọ́ tí ojúmọ́ gùn jù, ẹ̀yìn ẹ̀ sì kọjú sí ibi tó ń wọ̀ sí lọ́jọ́ tó kúrú jù. Ní Maeshowe ní Orkney, ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ tó kúrú jù àti lẹ́yìn ẹ̀ ni oòrùn máa ń gba ojú ọ̀nà ibojì wọlé dé ògiri ẹ̀yìn. Wọ́n rí eegun òkú tí wọ́n sun nínú ilẹ̀ Stonehenge, òkú púpọ̀. Ní Durrington Walls, nǹkan bí 3 kílómítà síbẹ̀, wọ́n rí eegun ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ, eyín wọn sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ ló tó nǹkan bí oṣù 9 nígbà tí wọ́n pa wọ́n, tó bá sì jẹ́ pé ìgbà ìrúwé ni wọ́n bí wọn, a jẹ́ pé àárín òtútù ni àsè yẹn.

Tẹ́nì kan bá wá sọ pé "kàlẹ́ńdà ni" tàbí "ibojì ni" kó sì dúró síbẹ̀, mi ò gbà fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ṣebí wọ́n ń gbéyàwó níbẹ̀, wọ́n ń sìnkú níbẹ̀, wọ́n ń kó ọmọ jáde níbẹ̀, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń jẹ ìrẹsì. Ibi tí èèyàn lò fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kò lè ní iṣẹ́ kan péré.

Ṣé kì í ṣe ibi òrìṣà ni? Kristẹni ni mí.

Èmi náà Kristẹni ni mí, mo sì ń lọ. Ó jọ pé wọ́n jọ́sìn níbẹ̀, àmọ́ wọn ò kọ ìwé kankan sílẹ̀, kò sórúkọ òrìṣà kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lóde òní àwọn kan máa ń wá síbẹ̀ ṣe ẹ̀sìn tiwọn, pàápàá lọ́jọ́ oòrùn inú oṣù Júùnù, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á máa kọrin, ẹ̀ẹ́ sì rí aṣọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi ní Avebury. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má tú u. Tí kò bá bá yín lára mu, ẹ lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ rántí Rudston. Àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ bá òkúta níbẹ̀, wọn ò wó o, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ́lé Ọlọ́run sí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn làwọn òkúta kan tẹ́lẹ̀?

Ìtàn ni, ó sì dùn. Merry Maidens ní Cornwall, òkúta 19, wọ́n ní ọmọbìnrin ni wọ́n, wọ́n jó lọ́jọ́ Sunday ni wọ́n bá di òkúta, àwọn òkúta méjì tó wà lókèèrè ni àwọn tó ń fun fèrè fún wọn. Ní Stanton Drew, ìyàwó àtọkọ àti gbogbo àlejò ìgbéyàwó ló di òkúta torí wọ́n jó wọ ọjọ́ Sunday. Ẹ ò rí i pé ìwàásù ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti dé ni wọ́n dá ìtàn yẹn.

Ní Rollright, nítòsí Chipping Norton, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè ka òkúta ibẹ̀ kó pé bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi àtàwọn ọmọ kà á, 71, 76, 74. Òkúta ibẹ̀ ti jẹ, ó kún fún ihò bí eyín tó ti kẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọ̀kan ló là sí méjì ni tàbí méjì ló wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn ìlà agbára abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́, ley lines?

Alfred Watkins ará Hereford ló mú un wá ní 1921, ohun tóun sì sọ ni pé ọ̀nà ìrìnnà àtijọ́ ni, ó ní àwọn èèyàn ń fi òkúta, òkè àti ibi ìjọsìn ṣe àmì kí wọ́n má baà ṣìnà. Ọ̀rọ̀ agbára, ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa ni wọ́n tó fi kún un. Ibi tí ìṣòro wà ni pé wọ́n á mú òkúta tó ti tó 5,000 ọdún, wọ́n á mú ṣọ́ọ̀ṣì tó tó 800 ọdún, wọ́n á fa ìlà kan ṣoṣo láàárín wọn. Àmì tó wà lórí máàpù Ìlú Ọba pọ̀ débi pé rúlà yòówù kẹ́ ẹ gbé lé e, á kan márùn-ún. Èmi ò gbà á gbọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ọdún ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òkúta ni?

Òkúta fúnra ẹ̀ ò lè sọ ọ́, torí ọjọ́ orí òkúta, mílíọ̀nù ọdún ni. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìwo àgbọ̀nrín ni diga àwọn èèyàn yẹn, tó bá kán wọ́n á sọ ọ́ sínú kòtò, wọ́n rí púpọ̀ nínú yàrà Stonehenge. Ohunkóhun tó bá ti ní ẹ̀mí rí ní irú kábọ́ọ̀nù kan lára tó máa ń dínkù lẹ́yìn ikú, á dín sí ìdajì ní nǹkan bí 5,730 ọdún. Wọ́n á wọn èyí tó kù, wọ́n á sì mọ ìgbà tí ẹranko yẹn kú, pẹ̀lú àlàfo ọdún díẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Torí náà tẹ́nì kan bá dárúkọ ọdún fún òkúta kan, ẹ bi í pé kí ni wọ́n rí nídìí ẹ̀. Àwọn agbo òkúta púpọ̀ ò tíì sẹ́ni tó walẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, àfiwé lásán ni wọ́n fi ń sọ ọdún wọn.

Ṣé bó ṣe wà látilẹ̀ ni mò ń wò yìí?

Rárá, ìbéèrè yìí ló sì yẹ káwọn èèyàn máa bi mí jù. Ní Stonehenge, mẹ́ta nínú àwọn òkúta ńlá wó pọ̀ ní 1797, òmíràn wó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1900, wọ́n na ọ̀kan tó ti dagun ró ní 1901, wọ́n sì gbé àwọn tó wó ní 1797 dìde ní 1958. Kọnkéré wà nídìí àwọn kan nínú wọn báyìí.

Ti Avebury ló dùn mí jù. Láyé ọjọ́un, àwọn ará abúlé ri púpọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀, nígbà tó sì yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sábẹ́ wọn, wọ́n á da omi tútù lé e kó lè là, wọ́n á fi kọ́lé. Ojú Stukeley ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní àwọn ọdún 1930, Alexander Keiller, tí ìdílé ẹ̀ là nípa ṣíṣe jáàmù, ra ibẹ̀, ó hú àwọn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ó gbé wọn dìde. Ní 1938 wọ́n rí egungun ọkùnrin kan lábẹ́ ọ̀kan, sísọ́ọ̀sì wà lára ẹ̀ pẹ̀lú owó fàdákà ìgbà 1320, ẹ̀rí nìyẹn pé ayé ìgbà náà ni wọ́n ń rì wọ́n. Àwọn òpó kọnkéré kúkúrú tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, ibi òkúta tó ti lọ pátápátá ni. Ẹ dúró níwájú wọn náà.

Mo rí òkúta kan tó dá dúró nínú oko, kò sí lórí máàpù. Ṣé tìgbàanì ni?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má tíì yọ̀. Àwọn àgbẹ̀ máa ń gbé òkúta nàró kí màlúù lè máa ha ara níbẹ̀. Òmíì, òpó géètì àtijọ́ ni, ẹ wò ó bóyá ihò tàbí irin ìkọ́ wà lára ẹ̀. Òmíì, ààlà ilẹ̀ ni, wọ́n lè ti gbẹ́ lẹ́tà sí i. Ohun tó wá mú un le ni pé màlúù máa ń ha ara mọ́ ojúlówó pẹ̀lú, torí náà ara tó dán ò sọ nǹkan kan.

Ẹ wo orúkọ oko yẹn nínú máàpù àtijọ́, ọ̀pọ̀ oko ló ń jẹ́ orúkọ òkúta tó wà nínú ẹ̀. Ẹ yẹ ìwé àkọsílẹ̀ Historic England wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá jẹ́ Wales ẹ wo ti Cadw, tó bá jẹ́ Skọ́tlándì ẹ wo ti Historic Environment Scotland. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi ọ̀pá tàbí agbòjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe ga tó, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ibẹ̀ látorí máàpù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun ìgbàanì ní kánsù àgbègbè yẹn. Ẹ má walẹ̀ ìdí ẹ̀ o, kódà kó jẹ́ ṣíbí lẹ fẹ́ fi wà á.